Jagunmólú, Ẹni Tó Rú Ẹbọ Ìlú Tí Kò Rú Ti Ilé Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Kí ẹni tó ń jẹ orógbó gbé e mì ná, kí ẹni tó pọn ọmọ tún ọ̀já rẹ̀ gbà. Ìtàn tí Ifá fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹ̀rín gbọ́. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo fẹ́ sọ ọ́. Bí ó bá kù síbì kan, ẹnu tèmi ló kù, Ifá kò kù.

Wọ́n ní:

Igi tó wó dí ọ̀nà
Kì í bi èrò léèrè ìlú rẹ̀;
Àgbàrá tó ya wọ agbo ilé
Kì í yẹ yàrá baálé sílẹ̀;
Wọ́n dá Ifá fún Jagunmólú, Balógun Òkegbó,
Ní ọjọ́ tí ogun ń bẹ níwájú rẹ̀,
Tí ikú ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀,
Tí kò mọ èyí tí òun ì bá kọjú sí.

Igi-Wó-Dí-Ọ̀nà ni orúkọ awo kìíní. Àgbàrá-Ya-Wọlé ni orúkọ èkejì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé Balógun dé iwájú wọn.

Orí òkè ni Òkegbó wà. Ẹ̀bá omi ni Etídò wà. Ọ̀dàn kan ló là wọ́n láàrin. Àwọn kan ní orí ọ̀dàn yẹn ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní orí obìnrin ni. Bí ogun bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ta ní í rántí? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọfà ti dàgbà, ó ń ta ọfà tirẹ̀. Ogun ti di iṣẹ́ tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ ogun Òkegbó pàgọ́ sí etí ọ̀dàn. Kò sẹ́ni tó ro oko, kò sì sẹ́ni tó gbé oúnjẹ wá. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n wọ igbó lọ, wọ́n bá ọ̀bọ tó kú sábẹ́ igi. Kò sí ojú ọfà lára rẹ̀, kò sí ojú tàkúté. Lọ́jọ́ tí oúnjẹ wà, ọmọ kékeré ní Òkegbó mọ̀ pé a kì í jẹ òkú ǹbete. Ṣùgbọ́n ogun ti kọ́ wọn ní ohun tí ìyá wọn kò kọ́ wọn. Wọ́n kun ún, wọ́n sun ún, wọ́n jẹ ẹ́.

Ibà ló kọ́kọ́ dé. Orí ń fọ́ wọn, ọ̀fun ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀: ní imú, ní èrìgì, níbi tí kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ti máa jáde. Ọkùnrin tó gbé apata lọ́jọ́ ọjà, kí ọjà mìíràn tó pé, òun ni wọ́n ń gbé. Ẹnu wọn kò gbà á láti fún àrùn yìí lórúkọ. Nǹkan Pupa ni wọ́n ń pè é.

Bí ó bá jẹ́ inú àgọ́ ló dúró sí, ì bá ti jó tán bí iná tí kò rí koríko. Ṣùgbọ́n Òkegbó ní àṣà kan. Òkú jagunjagun kì í sùn síta níbẹ̀. Bí ó kú sí òpin ayé, wọn yóò gbé e wálé. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ ni yóò wẹ̀ ẹ́ nínú ọpọ́n ńlá. Wọn kì í da omi yẹn nù. Omi akin ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ òkú, àwọn àbúrò rẹ̀, gbogbo wọn yóò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọn yóò fi pa ojú, kí ìgboyà rẹ̀ má baà bá a wọlẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá wẹ̀, wọ́n ní òjò ni yóò máa pa á lọ́run títí láé.

Àṣà tó dára ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìfẹ́ ló bí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń gbé òkú wálé ni Nǹkan Pupa ń bá òkú wálé. Ìyá a wẹ ọmọ, ìyá a tẹ̀lé ọmọ. Àbúrò a fi omi akin pa ojú, ojú a sì pọ́n. Agbo ilé kan kú tán, ewúrẹ́ nìkan ló kù tó ń ké nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Jagunmólú tọ àwọn awo lọ. Ọkùnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà láyé, Ẹfúntọ́lá lórúkọ rẹ̀. Ìyàwó kan ló ní, Àyìnkẹ́. Ọmọ kan ni Àyìnkẹ́ bí fún un, Akínlàjà, òun náà sì ti di ọmọ ogun nínú àgọ́. Ilé kékeré ni fún Balógun. Ohun tó ń dààmú rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, “Ẹ wò ó fún mi. Ìlú ń tán lọ. Kí ni mo lè ṣe tí kò fi ní dé ilé mi?”

Igi-Wó-Dí-Ọ̀nà ní, “Ẹbọ ni, Balógun. Òbúkọ méjì, ẹyẹlé, aṣọ funfun. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ń bọ̀.”

“Ẹ wí i, bàbá.”

“Gbogbo ọpọ́n tí ẹ fi ń wẹ òkú nílùú yìí, ẹ kó wọn jọ, ẹ fọ́ wọn, kí ẹ kó wọn mọ́ ẹbọ. Ẹni tí Nǹkan Pupa bá pa, ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kàn án. Ibi tó bá kú sí ni kí wọ́n sin ín sí.”

Awo náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Ó tún ku nǹkan kan. Lọ́dún tí odò kún bo ọjà Etídò, àrùn yìí wọ ìlú wọn. Ó mú àwọn kan, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Kì í mú irú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n. Àwọn ni ọwọ́ wọn lè kan aláìsàn, kí wọ́n sì sin òkú. Ẹnikẹ́ni ní Òkegbó kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ sókè sí wọn.”

Jagunmólú rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. “Ará Etídò? Àwọn tí mo sun abà wọn lọ́dún èṣí? Kí n lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá mi fún ọmọ ogun mi lẹ́kọ mu?”

Awo ní, “Ifá kò ní kí o fẹ́ràn wọn. Ó ní kí o pè wọ́n.”

Àgbàrá-Ya-Wọlé kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó wá gbé ojú sókè. Ó ní, “Kí o sì gbọ́ èyí dáadáa. Bí ìlú bá ń rú ẹbọ, kò sí ilé kan tí í yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò. Bí ó bá kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ, bákan náà ni.”

“Mo gbọ́,” ni Jagunmólú wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbígbọ́ ọ̀tọ̀, gbígbà ọ̀tọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ó kọ ẹbọ. Ó rú u. Ó rú u lójú gbogbo ayé. Wọ́n pa òbúkọ, wọ́n tú ẹyẹlé. Nígbà tó kan ọpọ́n, àwọn obìnrin dìrọ̀ mọ́ tiwọn, wọ́n ń sunkún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹfúntọ́lá, ìyá Balógun, ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde. Ó fi àáké là á sí méjì. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí lẹ ń wò? Bí mo bá là á, ta ni kò ní là á?” Ni wọ́n bá là á. Inú Jagunmólú dùn sí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn ìránṣẹ́ Balógun mú ewé tútù, àmì àlàáfíà, lọ́wọ́ lọ sí Etídò. Àwọn ọ̀dọ́ Etídò ní kò sẹ́ni tí yóò lọ, wọ́n ní ẹ̀tàn ni. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kan gbà. Àgbà wọn ni Omídìjí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àrùn yẹn ti gba ojú rẹ̀ kan. Ó mú Àsúnlé dání, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti obìnrin mìíràn tí òun náà ti yè é. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ibodè, ó dúró.

“Ta ni Balógun níbí?”

“Èmi ni.”

Omídìjí fi ojú kan tó kù wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Ìwọ ni? Orúkọ rẹ ni a fi ń dẹ́rù ba ọmọ tí kò bá fẹ́ sùn. Mo rò pé wàá ga jù báyìí lọ.”

Àwọn ará Òkegbó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Omídìjí ní kí wọ́n kọ́ ahéré fún àwọn lẹ́yìn odi. “Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ jẹ́ kó jókòó sójú ọ̀nà, àwa ni a ó wá gbé e. Oúnjẹ, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ yí ẹ̀yìn. Bí a bá ń sin òkú, ẹ dúró sórí òkè yẹn, kí ẹ sunkún yín níbẹ̀. Ẹkún kì í ranni. Ọwọ́ ló ń ranni.”

Bí wọ́n ti wí ni wọ́n ṣe. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń bu omi sí aláìsàn lẹ́nu, wọ́n ń fún un lẹ́kọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń jó aṣọ tó bá dọ̀tí. Ọmọ ogun kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀wùmí, òun ni wọ́n máa ń rán ṣíwájú nínú ìjà. Nígbà tí iyè rẹ̀ padà sí i díẹ̀, ó mọ̀ pé Omídìjí ló gbé orí òun lé ẹsẹ̀. 

“Ìyá,” ló wí, “èmi ni mo ti iná bọ abà yín.”

“Mo mọ̀. La ẹnu.”

“Ìyá, mo ní èmi ni—”

“Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ yìí ń tutù. La ẹnu.”

Ọ̀jẹ̀wùmí yè. Àwọn mìíràn náà yè. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n òkú dín kù. Ọ̀sẹ̀ kan wá dé tí ẹnikẹ́ni kò kú. Ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹni tí yóò so ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ń kí Balógun lójú ọ̀nà, wọ́n ń pè é ní Olùgbàlà Òkegbó. Ó ń mi orí. Ó dùn mọ́ ọn.

Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá ti máa kọrin nísinsìnyí.

Òjò ọ̀sán kan ń bọ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí àwọn méjì dé láti àgọ́, wọ́n ń sáré. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọn kò dìde. Jagunmólú ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Akínlàjà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kú. Ibà mú un, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ Balógun ni, kò fẹ́ kí wọ́n ní òun ń sá fún ogun.

Jagunmólú ní, “Ẹ sin ín síbẹ̀.”

Ẹfúntọ́lá jáde láti inú ilé. “Ta ni kí wọ́n sin síbẹ̀?”

“Ìyá mi, ẹ mọ ohun tí Ifá wí.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni Ifá ń bá wí nígbà yẹn.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fọ́ ọpọ́n, ìyá mi!”

“Ọpọ́n ni mo fọ́, Jagunmólú. N kò ṣẹ́ ọwọ́ mi.” Arúgbó náà kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó bí. “Kí òjò yìí máa pa Akínlàjà lọ, títí ayé, níbi tí n kò ti lè fi nǹkan bò ó? Ìwọ ni mo bí, èmi ni mo wẹ bàbá rẹ. Jẹ́ kí n wẹ ọmọ mi.”

 Àyìnkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Ẹni tí abiyamọ bá wò bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára dá a lẹ́jọ́.

Jagunmólú yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Ẹ lọ gbé e wá. Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.”

Òjò ń rọ̀, gbogbo ìlú wà nínú ilé. Wọ́n fi ẹní wé e, wọ́n gbé e wọlé. Nínú ìkòkò ni wọ́n bu omi sí. Ẹfúntọ́lá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń kì í. Àyìnkẹ́ ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka sí ìka. Jagunmólú dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń ṣọ́ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n parí, ìyá rẹ̀ gbé omi náà wá. “Wá fi pa ojú.”

Ó na ọwọ́. Ó sì fà á sẹ́yìn.

Ó rántí ọ̀rọ̀ Ifá fún ara rẹ̀. Kò rántí rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kò rántí rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó gbé òkú ti ọwọ́ bọ omi náà, nítorí wọ́n fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ó ń wò wọ́n. Kò wí nǹkan kan.

Kò pẹ́. Ẹfúntọ́lá ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, ó kú, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin méjèèjì, pẹ̀lú ìyàwó wọn, pẹ̀lú ọmọ wọn, pẹ̀lú ẹni tó bá wọn jẹun. Nǹkan Pupa padà wọ Òkegbó, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìlú wá ń bi ara rẹ̀ pé, ṣebí a rúbọ? Ṣebí a fọ́ ọpọ́n? Kí ló tún dé?

Bí ọ̀rọ̀ kò bá ní olówó, ẹni tí kò ní ará nílùú ni wọ́n máa ń gbé e fún. Wọ́n ní àwọn obìnrin Etídò ni. Wọ́n ní ogun kò rí wa pa, wọ́n wá ń fi ẹ̀kọ pa wá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láṣebìkan ló ṣíwájú wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára àwọn méjì tó gbé òkú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé kùmọ̀ àti ìtùfù, wọ́n ya lọ sẹ́yìn odi.

Ọ̀jẹ̀wùmí sáré ṣíwájú wọn, ó dúró sẹ́nu ahéré. “Ẹ̀kọ wọn ni mo mu! Ẹ wò mí! Ṣé òkú ni mo jọ?”

“Wọ́n ti yí ọ lórí!” ni Láṣebìkan pariwo. “Ojú kan ṣoṣo ló wà lágbárí àjẹ́ yẹn, ó sì fi í rí gbogbo ilé wa!”

Wọ́n tì í ṣubú. Ìgbà yẹn ni Balógun dé. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Bí ó bá ní, “Ilé mi ni Nǹkan Pupa ti padà wá, àwa la wẹ òkú,” ọwọ́ wọn ì bá rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ó rántí bí wọ́n ṣe ń kí i lójú ọ̀nà.

Ó ní, “Ẹ má pa wọ́n. Ẹ lé wọn lọ.”

Ó rò pé àánú ni òun ṣe. Ṣùgbọ́n ta ní í sọ fún ajá tó ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò pé kó má gé e jẹ jìnnà? Wọ́n ti iná bọ ahéré. Wọ́n fi kùmọ̀ lé àwọn obìnrin náà dé ìsàlẹ̀ òkè. Omídìjí kọjá níwájú Jagunmólú, apá rẹ̀ kan rọ̀ dirodiro. Ó dúró.

“Balógun. Ta ló wẹ òkú?”

Jagunmólú wo ilẹ̀.

“Ó dáa,” ni obìnrin náà wí. Ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ara Àyìnkẹ́ gbóná.

Kò sẹ́ni tó jẹ́ wọ ilé Balógun mọ́. Ọ̀jẹ̀wùmí nìkan ló wọlé, ojú rẹ̀ ṣì wú níbi tí wọ́n ti lù ú. Ó ní, “Àrùn yìí ti mú mi rí, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fún wọn lómi. Ṣùgbọ́n n kò mọ gbogbo ohun tí ìyá Etídò mọ̀.” Jagunmólú bọ́ ẹ̀wù ogun rẹ̀ sílẹ̀. Ó já ewé tútù, òun nìkan sọ̀ kalẹ̀, ó la ọ̀dàn kọjá, títí ó fi dé etí odò. Ní òdìkejì, àwọn ọ̀dọ́ Etídò fi ọfà sí ọrun. Ó dúró láìmira. Omídìjí jáde, ó ní kí wọ́n sọ ọrun kalẹ̀.

“Ìyá,” ni Jagunmólú ké láti òdìkejì, “àrùn ti dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀.”

“Àsúnlé kú sójú ọ̀nà,” ni Omídìjí dá a lóhùn. “Àrùn kò rí i pa, kùmọ̀ yín pa á.”

Jagunmólú kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹni tí ogun kò rí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ rí. “Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n wẹ òkú. Ọmọ mi ni. Mo mọ̀ nígbà tí wọ́n ń lù yín. Mo mọ̀, mo dákẹ́.”

“Mo mọ̀ pé o mọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ẹ bá mi rékọjá.”

Omídìjí wo àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. “Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ pè wá, àwọn ọmọ yìí ní ẹ ó pa wá. Mo ní ẹ kò ní pa wá. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Nísinsìnyí, Jagunmólú, kí ni kí n fi bẹ̀ wọ́n?”

 Omi ń ṣàn lọ láàrin wọn.

Omídìjí wá tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. “Àwọn tí a wò tí wọ́n yè, ọwọ́ wọn ti dà bí ọwọ́ wa. Kí wọ́n máa gbé aláìsàn, kí wọ́n máa sin òkú. Ṣùgbọ́n ìlú yín kò ní gbọ́ tiwọn, wọ́n ní a ti yí wọn lórí. Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi yìí, lọ sọ ọ́ nílé. Èmi kọ́ ni o jẹ ní gbèsè rẹ̀.”

Nígbà tó fi gun òkè dé ilé, Àyìnkẹ́ ti kọjá lọ.

Ọ̀jẹ̀wùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ó béèrè yín. Mo ní ẹ ti lọ sí Etídò.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní, ‘Ṣé ó ti sọ fún wọn?’”

Àwọn obìnrin agbo ilé ti pọn omi wá. Aya Balógun ni, ta ni yóò sọ pé kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́? Jagunmólú ní, “Ẹ da omi yẹn nù.” Ó jáde sí ìta gbangba, ó ní kí wọ́n pe ìlú. Ó sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ìyá rẹ̀ bo ara rẹ̀, kò fi ọmọ rẹ̀ bo ara rẹ̀. Láṣebìkan gbé kùmọ̀ sókè. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò là á mọ́ ọn lórí. Kùmọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn,” ni Láṣebìkan wí. “Ẹ dúró, ẹ ń wò mí. Ẹ jẹ́ kí n lu ẹni tí kò ṣẹ̀ mí.”



Ọ̀jẹ̀wùmí àti àwọn tó yè ni wọ́n sin Àyìnkẹ́, láìwẹ̀, nínú yàrá tó kú sí. Ọkọ rẹ̀ dúró lókèèrè, ó sunkún tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìlú rí i pé Balógun kò wẹ aya rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún gbójú wẹ òkú. Ọwọ́ àwọn tó yè ni wọ́n fi gbogbo aláìsàn lé. Díẹ̀díẹ̀, Nǹkan Pupa kásẹ̀ nílẹ̀. Òkegbó yè. Wọ́n ru aṣọ àti ẹran lọ sí Etídò fún ẹ̀bẹ̀. Etídò kò gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò ta ọfà. Bí ogun ṣe kú nìyẹn, àárẹ̀ ló pa á. Jagunmólú fi oyè sílẹ̀. Ó ń gbé inú ilé tó tóbi jù fún ẹnìkan, ó sì dàgbà, ó dàgbà púpọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò kan omi yẹn, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ láyé. Ìyẹn gan-an ló ń pa á lẹ́kún.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, Ifá kò bínú sí Jagunmólú. Ifá ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí omi tó dànù. Wọ́n ní kó rú òbúkọ, ó rú u. Wọ́n ní kó tú ẹyẹlé, ó tú u. Èyí tó dùn ún dé egungun ni kò rú, òun gan-an sì ni ẹbọ. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn fún ìlú, kó gbà á fún ìyẹ̀wù rẹ̀. Ẹni tí a bá pè wá gbà wá, ká má fi kùmọ̀ sin ín sọ́nà. Bí a bá rú u tí a kò ṣẹ́ kù, ire a máa wọlé, ó sì máa ń jókòó. Nítorí gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, gbogbo awo pé, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí dòní, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ rú.